Géètì Tí Wọ́n Kùn ní Kérésì, Tí Òjò Àkọ́rọ̀ Tú Àṣírí Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Bí oṣù Kejìlá bá ti ń parí lọ, ó ṣòro kéèyàn rìn ládùúgbò kan l'Ékòó kó má gbóòórùn tínà. Onílé ń kun géètì, àwọn ayálégbé ń dáwó jọ, pẹ́ńtà kò rójú ráyè. Kí ọdún tuntun tó wọlé, géètì ti ń dán gbinrin. Àmọ́ kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, ọ̀dà ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ti máa wú, omi pupa á máa ṣàn láti abẹ́ rẹ̀ wá sórí sìmẹ́ńtì. Ẹjọ́ tí gbogbo èèyàn sì máa ń dá kò ju ọ̀kan lọ: ọ̀dà ayé ìsinsìnyí kò dára mọ́.

Ẹjọ́ yẹn ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Ọ̀dà ayédèrú wà lọ́jà, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tó wọ́n jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù á ṣí kúrò bí wọ́n bá kùn ún sórí irin tí kò ṣe tán láti dì í mú. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni wákàtí mélòó kan tí irin fi wà ní ìhòòhò, lẹ́yìn tí wọ́n ti ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, tí tuntun kò sì tíì kàn án. Pẹ́ńtà kì í ka wákàtí yẹn mọ́ owó iṣẹ́, onílé kì í sì í dúró wò ó.

Ibi tí omi ń sùn sí

Kí á tó dé ibẹ̀, ẹ lọ wo ibi tí géètì yín ti ń jẹ. Ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ àárín. Páìpù ìsàlẹ̀ ni, àti igun tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin, àti ẹ̀gbẹ́ híńjì. Ọ̀pọ̀ géètì wa ló jẹ́ square pipe tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ bò lójú, inú páìpù náà sì ṣófo. Wẹ́dà tó ń kánjú kì í jó etí rẹ̀ yíká. Á kàn jó o níhìn-ín, á jó o lọ́hùn-ún, á fi bọ́dífílà (àtè tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò) dí èyí tó kù, á fi fáílìn mashíìnì (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá irin) fá a títí yóò fi dọ́gba, ẹ ó sì sanwó. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Àlàfo tí ojú kò lè rí ti tó fún omi òjò láti wọlé, kò sì tó fún un láti gbẹ. Omi á sọ̀ kalẹ̀ sínú páìpù ìsàlẹ̀, á jókòó síbẹ̀, á máa jẹ irin láti inú wá. Nígbà tí àmì rẹ̀ bá fi máa hàn níta, irin tó nípọn tó mìlímítà 1.5 ti lè ku fẹ́lẹ́.

Bọ́dífílà pàápàá ń fa omi. Ìyẹ̀fun òkúta wà nínú rẹ̀, wọn kò sì ṣe é láti máa dí ihò. Ibi tó wúlò ni orí irin tó le, tó kàn kó sínú díẹ̀, tí ọ̀dà yóò sì bò ó dáadáa. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń ki ìwé ìròyìn sínú ihò ìpẹtà kí wọ́n tó fi bọ́dífílà rẹ́ ẹ. Bébà á mu omi, á sì gbé e mọ́ra irin fún oṣù mélòó kan. Bí èèyàn bá fẹ́ kí irin tètè jẹ, mi ò mọ ọ̀nà tó tún yá ju ìyẹn lọ.

Ẹ mú òòlù kékeré, ẹ fi gbá páìpù ìsàlẹ̀ láti ìkángun kan dé èkejì. Ibi tó le á dún ketekete. Ibi tí ìpẹtà ti jẹ á dún bọ̀tọ̀. Ẹ fi ṣóńṣó sukudíráfà gún ibi tó dún bọ̀tọ̀ yẹn. Bí kò bá wọlé, fífá àti kíkùn ti tó. Bó bá wọlé, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ pẹ́ńtà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Wẹ́dà ni yóò gé e, kó gé e kọjá ibi tó jẹ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 títí tí yóò fi kan irin tó le, kó sì fi irin tó nípọn bákan náà rọ́pò rẹ̀. Fún irin mìlímítà 1.5, ẹlẹ́kítíróòdù (ọ̀pá tí wẹ́dà fi ń jó irin) géèjì 12 ló bá a mu. Géèjì 10 á máa jó ihò sí i lára. Kó jó o yíká, kó sì fi òòlù gbá ìdàrọ́ tó bo ojú jíjó náà kúrò pátápátá. Ọ̀dà tí wọ́n kùn sórí ìdàrọ́, ọjọ́ tí ìdàrọ́ bá já bọ́ lòun náà já bọ́.

Kí wẹ́dà tó kó ẹrù rẹ̀, ẹ ní kó lu ihò mìlímítà 8 sí 10 sí abẹ́ páìpù ìsàlẹ̀, méjì lórí ewé géètì kọ̀ọ̀kan, ibi tó bá rẹlẹ̀ jù. Ó lè bá yín jiyàn pé ihò á jẹ́ kí omi wọlé. Omi ti wà nínú rẹ̀ ná. Ọ̀nà méjì péré ló wà: ká dí páìpù pa pátápátá, orí àti ìdí, tàbí ká fún omi ní ọ̀nà àbájáde. Géètì tí wọ́n jó ní àbọ̀ kò lè dí pa, nítorí náà ihò ló kù. Bí ihò bá ti wà, ẹ lè fi sìríǹjì ńlá fún red oxide (ọ̀dà ìsàlẹ̀ pupa tí wọ́n ń kọ́kọ́ kùn sórí irin) tí ẹ ti fi tínà là sínú páìpù láti ihò kan, kó ṣàn jáde ní èkejì. Lẹ́yìn gbogbo kíkùn, ẹ fi ìṣó tún ojú ihò ṣe kí ọ̀dà má dí i.

Nǹkan méjì mìíràn ń gbé omi sún mọ́ ìsàlẹ̀. Ọ̀kan ni iyẹ̀pẹ̀ tí àgbàrá kó jọ síbẹ̀. Géètì yẹ kó ga sókè ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, kí wọ́n sì máa gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Èkejì ni ẹsẹ̀ òpó irin, níbi tó ti wọ inú kọnkéré. Irin tó wà nínú kọnkéré tó dára kì í tètè dípẹtà, ìlà tí kọnkéré ti pàdé afẹ́fẹ́ gan-an ló máa ń jẹ, nítorí omi ń dúró yí ẹsẹ̀ òpó ká. Ẹ fi sìmẹ́ńtì ṣe é ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí omi lè máa yọ̀ kúrò níbẹ̀.

Iyọ̀ tí ojú kò rí

Ẹni tó ń gbé ní Lẹ́kkí, Àjáh tàbí Àgbádárìgì mọ̀ pé irin kì í pẹ́ níbẹ̀ bíi ti Ìbàdàn tàbí Òṣogbo. Atẹ́gùn òkun ń gbé iyọ̀ wá, iyọ̀ ń lẹ̀ mọ́ irin, iyọ̀ náà sì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí géètì fi lè lómi lára ní ọjọ́ tí òjò kò kán. Ohun tí ọ̀pọ̀ onílé kò fojú sí ni pé ojú tí òjò ń nà kọ́ ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́ létí òkun. Òjò ń fọ iyọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀yìn géètì, abẹ́ òrùlé kékeré orí rẹ̀ àti ìdí páìpù tí òjò kì í kàn ni iyọ̀ ti ń tò jọ láti oṣù dé oṣù. Pẹ́ńtà á kun iwájú ní ẹ̀ẹ̀mẹta torí ibẹ̀ ni àlejò ń rí, á sì fi búrọ́ọ̀ṣì ra ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.

Omi lásán ni oògùn iyọ̀. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi omi ṣan géètì tinú tòde lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àmọ́ ẹ tọ́ omi náà wò kí ẹ tó fi ṣan án, nítorí omi ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ ilé tó sún mọ́ òkun àti ọ̀sà ní iyọ̀ nínú. Ẹni tó bá fi irú omi bẹ́ẹ̀ fọ géètì ń bu iyọ̀ kún iyọ̀. Bí ẹ bá ti gbe omi òjò, òun ló dára jù. Ìtọ̀ náà ní iyọ̀ nínú, ti ajá àti ti àwọn tí kò lè ka “Má tọ̀ síbí.” Bí igun kan bá ń jẹ ju àwọn yòókù lọ láìnídìí, ẹ wò ó dáadáa.

Fífọ̀ yìí gbọ́dọ̀ ṣáájú fífá nígbà tí ẹ bá fẹ́ tún un kùn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń yí iṣẹ́ po nìyẹn: wọ́n á fá tán, wọ́n á wá fọ̀ ọ́. Bí gírísì híńjì, èéfín mọ́tò àti iyọ̀ bá ṣì wà lórí rẹ̀, wáyà búrọ́ọ̀ṣì á kàn tẹ̀ wọ́n wọnú irin ni. Ọṣẹ ìfọṣọ àti kànrìnkàn ti tó, kí ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kí fífá tó bẹ̀rẹ̀.

Wákàtí tí irin wà ní ìhòòhò

Fífá fúnra rẹ̀ ní ẹ̀tàn nínú. Bí wọ́n bá fi wáyà búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí lórí fáílìn mashíìnì tẹ ìpẹtà mọ́lẹ̀, kì í kúrò tán. Dídán ló ń dán. Ẹ ó rí àwọ̀ dúdú pupa tó ń kọ mọ̀nà, ẹ ó sì rò pé irin ni. Ìpẹtà tí wọ́n ra ni. Ẹ kọ́kọ́ fi irin ìhanà ha èyí tó ti wú, lẹ́yìn náà kí ẹ lo díìsì sáńpépà 60 tàbí 80, kí ẹ sì fi 120 ọwọ́ parí rẹ̀. Kí ojú irin má jọ̀lọ̀ jù, ọ̀dà nílò ibi tí yóò fi èékánná mú. Ọ̀dà àtijọ́ tó ṣì dì mọ́ irin dáadáa kò pọn dandan kó kúrò, ṣùgbọ́n ẹ fá etí rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 títí tí ìka kò fi ní mọ ibi tó ti parí. Etí tó dúró gọnbu ni omi ti máa ń gbà wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wọ ìbòmú àti awò ojú. Bí géètì bá sì jẹ́ ti ayé àtijọ́, òjé lè wà nínú ọ̀dà rẹ̀, nítorí náà ẹ fi omi rẹ sáńpépà ọwọ́ dípò kí ẹ máa fi mashíìnì fọ́n eruku rẹ̀ sínú ọgbà tí ọmọdé ti ń ṣeré.

Wàyí o, irin ti mọ́. Ojú tí ẹ ń wò yẹn kò ní ààbò kankan. Irin kò nílò òjò kó tó dípẹtà: bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 60 nínú 100, ó ti lè bẹ̀rẹ̀, bó bá kọjá 80, iṣẹ́ ti yá nìyẹn. Òwúrọ̀ tí kò dé 80 l'Ékòó kò pọ̀ lọ́dún. Ní ọ̀sán ọyẹ́ tó gbẹ, irin lè mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ní oṣù Kẹfà, èyí tí wọ́n fá ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ ti lè máa pọ́n rúsúrúsú kí ọ̀sán tó pọ́n. Ibi tí wọ́n fi ọwọ́ òógùn dì mú lásán máa ń fi àmì ìka hàn, nítorí iyọ̀ wà nínú òógùn. Ìdí nìyẹn tí ìbọ̀wọ́ fi wúlò lẹ́yìn fífá ju ìgbà fífá lọ.

Báwo ni iṣẹ́ ṣe máa ń lọ? Oníṣẹ́ á fá odindi géètì lọ́jọ́ Ẹtì. Ilẹ̀ á ṣú. Ìrì á sẹ̀ lóru, òjò sì lè rọ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, á débẹ̀ ní agogo mẹ́wàá, á fi àkísà nu géètì gààràgà, á ṣí red oxide, á sì máa kùn lọ. Ìpẹtà òru ti wà lórí gbogbo irin náà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà yé mi sí nìyí: red oxide pupa, ìpẹtà náà pupa. Ohun tó ń fún ọ̀dà yẹn ní àwọ̀ rẹ̀ gan-an jẹ́ ọmọ ìyá ìpẹtà, irin tí ọ́síjìn ti gbà, tí wọ́n lọ̀ kúnná. Nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fojú rí àṣìṣe náà, àti oníṣẹ́ àti onílé. Bí ọ̀dà ìsàlẹ̀ bá funfun ni, pẹ́ńtà ì bá ti rí ohun tó ń bò mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ọ̀rinrin á gba ara ọ̀dà kọjá, ìpẹtà á tún máa pọ̀ sí i. Ó máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin tó jẹ, ó kéré tán, kò sì sí ọ̀dà tó lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Á wú, á là, wọ́n á sì dá ọ̀dà lẹ́bi.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó púpọ̀. Ètò ló gbà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fá ju ohun tí ó lè kùn lọ́jọ́ kan náà lọ. Géètì aláwẹ́ méjì, ẹ pín in sí mẹ́rin: iwájú ewé kan lónìí, ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́la, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí fífá bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án nígbà tí ìrì ti gbẹ, kó parí ní ọ̀sán, kí wọ́n fi àkísà funfun tí wọ́n rẹ sínú tínà nu ún, kí red oxide sì ti wà lórí rẹ̀ kí agogo méjì tó lù. Wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn fífá ni mo máa ń kà sí òpin. Lásìkò òjò, méjì. Bí àkísà funfun bá yọ pupa, ẹ kò tíì ṣe tán. Ẹ fi sáńpépà 120 tún un ra, ẹ tún un nù.

Bí ẹ kò bá dá yín lójú pé irin ti gbẹ tó, ẹ fi àkísà tútù ra ibi kékeré kan kó lómi fẹ́lẹ́. Bí kò bá gbẹ láàárín ìṣẹ́jú 15, ọ̀rinrin ti pọ̀ jù lónìí, ẹ ká iṣẹ́ kúrò. Tó bá sì gbóná débi pé àtẹ́lẹwọ́ kò lè dúró lórí rẹ̀, ẹ dúró de òjìji, nítorí tínà á fò lọ kí ọ̀dà tó tẹ́, ihò wínníwínní á sì kún ojú rẹ̀. Ọyẹ́ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, àfi eruku rẹ̀. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ àyíká, kì í ṣe sí géètì, ẹ sì nù ún kẹ́yìn kí búrọ́ọ̀ṣì tó kàn án. Kérésì kọ́ ni wàhálà géètì wa, àkókò náà dára gan-an. Ìkánjú inú rẹ̀ ni.

Àwọn ojú kéékèèké tí sáńpépà kò dé

Irin tó ti jẹ gan-an máa ń ní ojú wẹ́wẹ́ tí ìpẹtà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí kò sí fífá tó lè dé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni oògùn ìpẹtà wúlò fún. Irú méjì ló pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ásíìdì phosphoric, tó ń sọ ìpẹtà di ohun eléérú tó le. Èkejì ní tannin, tó ń sọ ọ́ di dúdú bíntín. Ẹni tó bá ti fi ọ̀bẹ irin bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ti rí iṣẹ́ tannin: oje rẹ̀ á sọ ojú ọ̀bẹ di dúdú kí ẹ tó bó tán.

Àwọn oògùn yìí ń ṣiṣẹ́ lórí ìpẹtà fẹ́lẹ́ tó dì mọ́ irin, wọn kì í ṣiṣẹ́ lórí èyí tó wú ní ìpele-ìpele. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kó wà bí ara agolo rẹ̀ ṣe wí. Ti ásíìdì sábà máa ń fẹ́ kí ẹ fi omi ṣan èyí tó ṣẹ́kù, nítorí ásíìdì tó bá há sábẹ́ ọ̀dà á gbé ọ̀dà sókè ní ròrò-ròrò. Fún nǹkan kéékèèké tó ṣeé tú, bíi ìdè àti bóòtù, fínígà ti tó: ẹ rẹ wọ́n sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n, ẹ fi omi tí ẹ bu sódà ìdáná (baking soda) sí ṣan án, ẹ gbẹ wọ́n kíá, ẹ sì fi òróró tàbí ọ̀dà kùn wọ́n ní wéréwéré. Kókà-kólà tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ ní ásíìdì phosphoric nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kéré, ṣúgà rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ irin. Ẹ mu ún.

Ọ̀dà, tínà àti ìwọ̀n

Géètì ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 7 fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 8 lójú kan, 16 tinú tòde. Pẹ̀lú páìpù àti ọnà ara rẹ̀, ẹ kà á sí 18. Lítà kan ọ̀dà tí wọn kò là jù máa ń kun nǹkan bíi 10. Fún red oxide lẹ́ẹ̀mejì, gálọ́ọ̀nù kan, ìyẹn lítà 4, ti tó. Gálọ́ọ̀nù mìíràn fún gloss, ọ̀dà òkè tó ń dán, lẹ́ẹ̀mejì. Bí pẹ́ńtà bá sọ pé lítà 2 á ká gbogbo rẹ̀, tínà ló fẹ́ fi kún un. Tínà kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ fún búrọ́ọ̀ṣì. Kẹrosíìnì kì í ṣe tínà: ọ̀rá rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ. Bẹntiróòlù kì í ṣe tínà: iná ni.

Kí wọ́n tó kun ojú gbalasa, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kọ́kọ́ kun gbogbo etí, igun àti ojú jíjó lọ́tọ̀. Ọ̀dà tútù máa ń sá kúrò lórí etí mímú, ìdí nìyẹn tí ìpẹtà fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n kun gbogbo rẹ̀, kó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó tún un kùn. Láàárín gloss kan àti èkejì, wákàtí 24. Ọ̀dà fẹ́lẹ́ mẹ́rin sàn ju méjì tó nípọn lọ, nítorí èyí tó nípọn á gbẹ lókè, á sì rọ̀ nísàlẹ̀.

Red oxide kì í dá dúró. Ó ń fa omi. Ẹ wo àwọn ilé tí wọn kò tíì parí lójú títì Ìbàdàn: irin ojú fèrèsé ti wà nínú red oxide nìkan fún ọdún mélòó kan, ìpẹtà ti ń gba àárín rẹ̀ jáde. Bí owó gloss kò bá tíì sí, ó sàn kí ẹ dúró títí yóò fi wà. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ zinc phosphate sí lára, ó dára ju red oxide lásán lọ, nítorí kì í ṣe pé ó kàn bo irin, ó ń dí ìpẹtà lọ́wọ́. Ọ̀dà ògiri olómi kò ní ohun tó ń ṣe lórí irin ìhòòhò; omi inú rẹ̀ á mú un dípẹtà kó tó gbẹ.

Irin tí wọ́n ti rì sínú síńkì (galvanized) ní òfin tirẹ̀. Ẹ má fá a, síńkì náà ni ààbò rẹ̀. Ẹ má sì kun gloss olóròóró sórí rẹ̀ ní tààrà, nítorí síńkì àti òróró ọ̀dà á di ọṣẹ láàárín ara wọn, ọ̀dà á sì ṣí bí èèpo ọsàn. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ tó wà fún síńkì ni kí ẹ béèrè. Wẹ́dà tó bá fẹ́ jó o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fá síńkì kúrò níbẹ̀, kó sì dúró sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, nítorí èéfín rẹ̀ ń fa ibà.

Àpótí lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Amẹ́ríkà kò ní géètì tó bẹ́ẹ̀, àpótí lẹ́tà onírin létí títì ni tiwọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ púpọ̀. Ní Maryland àti Chicago, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òjò dídì ló ń ṣe iṣẹ́ tí òkun ń ṣe ní Lẹ́kkí. Mọ́tò ń ta á sókè sí àpótí. Ìdí àpótí, ìdè ilẹ̀kùn rẹ̀ àti ẹsẹ̀ àsíá pupa tí wọ́n ń gbé sókè bí lẹ́tà bá wà láti kó ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tú u kúrò lórí igi. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi sáńpépà ọwọ́ fá ibi tó jẹ nìkan, ẹ lu ihò mìlímítà 5 méjì sí ìdí rẹ̀, ẹ fi ọ̀dà ìsàlẹ̀ àfọ́n, lẹ́yìn náà gloss àfọ́n, kùn ún láti sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́jọ́ tí òtútù kò bá lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 10 Celsius. Ẹ fi wọ́ṣà onírọ́bà sí abẹ́ àsíá kó má máa ha ọ̀dà.

Igi tí àpótí dúró lé ni ọ̀pọ̀ kì í fura sí. Igi tí wọ́n ti fi oògùn sí kó má jẹrà sábà máa ń ní bàbà nínú oògùn rẹ̀, bàbà sì ń jẹ irin tó bá kàn án nígbà tó bá tutù. Ẹ tẹ́ rọ́bà pẹlẹbẹ sáàárín igi àti ìdí àpótí, kí ẹ sì lo ìdè tí kì í dípẹtà. Bí ẹ bá fẹ́ tún un rì, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà fẹ́ kí ìdí àpótí ga tó ínǹṣì 41 sí 45 láti ojú títì, kí ẹnu rẹ̀ sì jìn sí etí títì ní ínǹṣì 6 sí 8.

Àdéhùn pẹ̀lú oníṣẹ́

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ pẹ́ńtà. Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́. Bí ẹ ṣe ń sanwó fún un ló ń kọ́ ọ bí yóò ṣe ṣe é: odindi owó kan fún odindi géètì, tí ẹ ó sì wò ó nígbà tó bá ti ń dán. Kò sóhun tó fi yẹ kó lo wákàtí mẹ́ta lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Ẹ pín owó iṣẹ́ náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Kí ìdá kan jáde nígbà tí ó bá fá irin tó sì pè yín wá wò ó, tàbí kó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp kó tó ṣí red oxide. Ìdá kejì lẹ́yìn red oxide. Ìyókù lẹ́yìn gloss. Ẹ ra ọ̀dà àti tínà fúnra yín, kí wọ́n sì ṣí agolo lójú yín.

Ẹ fi kún owó rẹ̀, nítorí ọjọ́ méje, ó kéré tán, lẹ ní kó wá, kì í ṣe méjì. Pẹ́ńtà tó bá gbọ́ àlàyé yìí tó ní òun kò lè wá tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn. Èyí tó bá béèrè bóyá ẹ fẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ẹ tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀. Kí ó bu ìdá kan nínú mẹ́rin lítà gloss sílẹ̀ fún yín nínú agolo kékeré tó kún dé ẹnu kí afẹ́fẹ́ má ráyè nínú rẹ̀: òkúta kan láti abẹ́ táyà mọ́tò ti tó láti ṣí irin sílẹ̀, ẹ ó sì nílò rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ní oṣù Kejìlá.